Ta Ló Ni Ṣọ́ọ̀bù Yìí?

Ọjọ́ tí inú bí Maimunat jù láyé rẹ̀, àtẹ́wọ́ ló ń pa.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni, nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Sherif ọmọ rẹ̀ ń lọ ní Okokomaiko. Ó jókòó sórí dẹ́sìkì tí òun fúnra rẹ̀ gé, tí òun fúnra rẹ̀ kàn, tó sì mọ ibi tí kókó wà lábẹ́ pákó rẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn dẹ́sìkì náà kì í ṣe tirẹ̀. ỌLÁTÚNJÍ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé dìde, ó ní kí gbogbo òbí pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àga tí àwọn ọmọ wọn ń jókòó lé. Ọlátúnjí dìde, ó tẹrí ba bí ọkọ ìyàwó, ó ká apá agbádá rẹ̀ sórí èjìká. Àtẹ́wọ́ sọ. Maimunat náà ń pa á. Ọwọ́ tí ìṣó ti gún, tí ayùn ti họ, ló fi ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tí kò di òòlù mú rí. Ìgbà tí wọ́n pa á tán ló tó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá obìnrin yìí bínú, ó yẹ kó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Maimunat, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Igbó-Elérin, níwájú gọ́tà ńlá kan tí kò gbẹ lójò, tí kò gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ọlátúnjí ní tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni, Ẹ́sítéètì Ìbà ló ń gbé, Dádì sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Dádì ló máa ń gba iṣẹ́ dẹ́sìkì lọ́wọ́ ìjọba, táá wá gbé e fún Maimunat ṣe. Òun ń jẹ ẹran, ó ń ju eegun sí Maimunat, Maimunat sì tún ń dúpẹ́ eegun.

Kí ìjọba tó gbéṣẹ́ fún èèyàn, wọ́n máa ń rán ẹnì kan wá wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọlátúnjí kò ní ṣọ́ọ̀bù, fáìlì àti agbádá ló ní. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé Maimunat kan pátákó kan tó nípọn, wọ́n kọ orúkọ Ọlátúnjí sí i. Bí àwọn ará ọ́fíìsì bá ń bọ̀, wọ́n á gbé pátákó náà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá lọ tán, wọ́n á gbé e padà sẹ́yìn pákó. Dádì ní kí Maimunat má gbé pátákó tirẹ̀ kọ́ láé, kí ọ̀rọ̀ má baà di méjì. Maimunat gbà. Òun náà ló sì lọ bá àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ́ wọn bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ: "Ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ ọ́fíìsì wá síbí, tó bá bi yín, ṣọ́ọ̀bù Dádì ni o. Òṣìṣẹ́ Dádì ni mí." Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wí tó Àlàájà Àsíátù, ìyá àgbà tó ń ta omi tútù àti mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Àlàájà á sọ ọ́, á fi ìbúra sí i, á sì tún fún àlejò lómi mu.

Ọdún ń gorí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Láti ibi ìpàdé àtẹ́wọ́ yẹn, Maimunat kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Rónkẹ́ ló gbà lọ, obìnrin Èkìtì tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, oníbàárà rẹ̀ tó ti bá ṣe ibi ìkówèésí rí. Ó rojọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Kí ló dé tẹ́ ò fi gba iṣẹ́ náà fúnra yín?" Rónkẹ́ bi í.

"Àǹtí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọba kì í gbéṣẹ́ fún irú wa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Dádì ni."

Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Sherif, ta ló tún yẹ kó sọ ọ́ bí kò ṣe Dádì? Wọ́n ṣì máa gbé téńdà dẹ́sìkì jáde lọ́dún yìí, ìyẹn ìpè fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ díje fún iṣẹ́ náà. Ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ ṣí àkáǹtì sí orúkọ náà, ẹ san owó orí yín kẹ́ ẹ sì gba ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin náà á wá kọ iye tẹ́ ẹ máa gbà sínú àpòòwé, ẹ ó gbé e kalẹ̀ níbi tí Dádì ń gbé tirẹ̀ sí. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀."

Kò sí oògùn níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wàhálà wà. Maimunat lọ, ó bọ̀, ó tò, wọ́n ní kó lọ bọ̀ lọ́la, ó lọ bọ̀ lọ́la. Gbogbo ìwé jáde. Ibi tó ti fẹ́ẹ̀ sunkún ni ibi tí wọ́n ti ní kó mú ẹ̀rí iṣẹ́ tó ti ṣe rí wá. Dẹ́sìkì tó ti kàn kún ilé-ìwé láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, orúkọ Ọlátúnjí ló wà lára gbogbo wọn. Inú tún bí i lákọ̀tun. Ìgbà tó yá ló rántí bẹ́ǹṣì tó kàn fún ilé-kéú kan ní Alaba Rago. Ùsmán, máálàmù tó ni ilé-kéú náà, kọ lẹ́tà fún un, ó ní àwọn ọmọ òun ti jó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, wọ́n ti jà lórí rẹ̀, kò mì.

Maimunat kò sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Mùtíù nìkan, àgbà òṣìṣẹ́ rẹ̀, ló mọ̀. Ìwà wa ni, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ohun rere tí kò tíì bọ́ sọ́wọ́, a kì í kéde rẹ̀. A ó fi oyún pamọ́, a ó fi físà pamọ́, a ó ra ilẹ̀ láì jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́, kí ayé má baà fi ẹnu bà á jẹ́. Bí Àlàájà bá bi í pé ibo ló ń fi ojoojúmọ́ lọ, ọjà pákó ni Maimunat máa ń sọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpòòwé pé. Nínú gbọ̀ngàn, níṣojú gbogbo àwọn tó wá, ni wọ́n ti ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ké orúkọ, wọ́n ń ké iye. Ọlátúnjí wà níwájú, ó ń bá àwọn ọ̀gá kékeré kékeré ṣe àwàdà. Ni wọ́n bá ké e: "Maimunat Káfíńtà, Igbó-Elérin." Ọlátúnjí yí ọrùn padà bí ẹni tí nǹkan ta. Iye tí Maimunat kọ ló kéré jù nínú gbogbo wọn, nítorí kò sí ẹni tó ń jẹ láàárín òun àti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ti Ọlátúnjí ló ṣe ìkejì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rebecca, tí ọ́fíìsì náà fi ṣe alábẹ̀wò tuntun, dìde, ó ní òun máa wá wo ṣọ́ọ̀bù àwọn méjì tó ṣáájú, àmọ́ òun kò ní sọ ọjọ́.

Níta, Ọlátúnjí dúró dè é. "Maimunat, ìwọ náà? O ò tiẹ̀ sọ fún mi."

"Ẹ má bínú, Dádì."

Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí pé òun kò jẹ ọkùnrin náà ní nǹkan kan. Ìyẹn dùn ún ju bí ẹni pé wọ́n gbá a létí lọ. Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì bú ara rẹ̀ títí ó fi délé.

Àfi kó ní pátákó tirẹ̀ báyìí. Ó lọ bá akọ̀wé-ara-pátákó kan ní Okokomaiko, ìyẹn sì fi òní-lónìí-ọ̀la-lọ́la dá a dúró. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọkùnrin náà pè é pé ó ti gbẹ, kó wá gbé e. Mùtíù àti àwọn yòókù ti lọ kírun. Maimunat ní kí Àlàájà bá òun fojú sí ṣọ́ọ̀bù, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó lọ.

Wákàtí yẹn gan-an ni Rebecca dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rò. Àlàájà rí obìnrin tó wọ súùtù, tó gbé fáìlì. Ó rí i pé pátákó kò sí lára ògiri. Ó ní, háà, ọjọ́ ọ̀ràn dé, Maimunat kò sì sí nílé! Ìyá arúgbó sáré wọlé, ó wọ́ pátákó Ọlátúnjí jáde láti ẹ̀yìn pákó, ó gbé e kọ́. Rebecca bi í bóyá ṣọ́ọ̀bù Maimunat nìyí. Àlàájà rẹ́rìn-ín. "Maimunat kẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù Dádì Ọlátúnjí ni, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn. Òṣìṣẹ́ Dádì ni Maimunat. Wọlaì." Ó já omi tútù fún un. Rebecca mu ún, ó dúpẹ́, ó ya fọ́tò ògiri, ó lọ.

Nígbà tí Maimunat dé, tó gbé pátákó tuntun bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ohun tó kọ́kọ́ rí ni orúkọ Ọlátúnjí lára ògiri rẹ̀. Àlàájà ń jó bọ̀ lọ́nà. "Wọ́n ti wá o! Mo ti bá ọ ṣe é! Mo sọ ọ́ bó ṣe yẹ ká sọ ọ́, mo tún fi ìbúra sí i!"

"Kí lẹ sọ fún wọn, Àlàájà?"

Àlàájà sọ ọ́. Maimunat figbe ta. Igbe náà mú kí gbogbo òpópónà jáde. "Ta ló ní kẹ́ ẹ lanu? Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Ẹ ti pa mí, Àlàájà! Iṣẹ́ tèmi ni! Èmi ni wọ́n wá wò!"

Àlàájà dáwọ́ ijó dúró. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ta ló kọ́ mi, Maimunat? Ṣebí ìwọ náà ni. Bí nǹkan bá ti wá yí padà, ṣé ó yẹ kí n kà á lójú ọ̀run ni? O ní ọjà pákó lò ń lọ."

Kí ni Maimunat fẹ́ wí? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, irọ́ ló sáré bá òtítọ́, ó sì gbé e ṣánlẹ̀. Ó bínú sí Àlàájà, ó bínú sí Ọlátúnjí, ó bínú sí ọkùnrin tó kọ pátákó tí kò tètè gbẹ, àmọ́ ẹni tí ìbínú náà mú jù ni òun fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọ́fíìsì ṣí lọ́jọ́ Ajé, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Rebecca kò fi ìwọ̀sí kàn án. "Màdáámù, ẹ̀yin àti Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí kọ àdírẹ́sì kan náà. Mo débẹ̀. Pátákó wọn ni mo rí, ẹnu ìyá tó wà níbẹ̀ sì bá pátákó mu. Ohun tí mo bá fojú rí ni mò ń kọ."

"Mà, tèmi ni ṣọ́ọ̀bù yẹn."

"Ó dáa. Àwọn tó ti wá wò ó lọ́dún tó kọjá, lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀, ta ni wọ́n sọ fún wọn pé ó ni ín?"

Maimunat rò ó wò. Bó bá ní ti Ọlátúnjí ni, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní tòun ni, ó ti jẹ́wọ́ pé òun bá wọn parọ́ fún ìjọba. Ó ń wo fáánù tó ń yí lókè. Bó ṣe jáde nìyẹn láì sọ nǹkan kan. Wọ́n gbéṣẹ́ fún Ọlátúnjí.

Ẹ wá gbọ́ ti ojú tí kò mọ ìtìjú. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọlátúnjí fi mọ́tò rẹ̀ dé Igbó-Elérin, tòun ti páálí ohun mímu mọ́ọ̀tì kan. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Maimunat, ọ̀rọ̀ ti tán. Mi ò bínú sí ẹ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ ti dé. Bó ṣe máa ń rí náà ni. Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la pákó?"

Maimunat ń fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ àga kan kó lè dán. Kò gbójú sókè. "Dádì, ta ni ìjọba sọ pé ó ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Ìyẹn ò—"

"Ẹ̀yin ni wọ́n sọ pé ẹ ni ín. Ẹ dìde, ẹ bọ́ agbádá, ẹ mú ayùn. Ẹ ṣe é fúnra yín."

Mùtíù pòṣé lẹ́yìn pákó. "Monkey dey work, baboon dey chop," ló wí, ó wí i sókè kó lè dé etí ẹni tó ni ín.

Ojú Ọlátúnjí le. "Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí ìbínú ẹ? Ọmọ tìẹ náà wà nínú wọn o."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Maimunat. Ó gbé àga kalẹ̀. "Ẹ má fi ọmọ mi bò ó mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń jẹ owó dẹ́sìkì wọn, ẹ kì í rántí ìdí wọn. Ẹ gbé mọ́ọ̀tì yín."

"Ìwọ nìkan kọ́ ni káfíńtà l'Ọ̀jọ́! Màá gbé e fún ẹlòmíràn!"

Ó lọ lóòótọ́, ó sì rí ohun tí kò mọ̀. Ẹni tí kò fi ọwọ́ kan pákó rí, kò lè mọ òfin ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ pákó. Bí ìjà bá wà láàárín káfíńtà kan àti oníbàárà rẹ̀ lórí iṣẹ́ kan, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, àyàfi tí àkọ́kọ́ bá ní ìjà ti parí. Maimunat ti fẹjọ́ sun ẹgbẹ́. Àdìsá tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ìbà bi Ọlátúnjí léèrè: "Ṣẹ́ ẹ ti parí ẹ̀ pẹ̀lú Maimunat?" Ẹni tó ń bẹ nítòsí gáréèjì Okokomaiko bi í bákan náà. Ibi gbogbo tó dé, ìbéèrè kan náà ló ń bá.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Maimunat kò sinmi ẹnu. Ó tọ Àlàájà lọ pẹ̀lú orógbó àti ìtìjú, ó tọrọ àforíjì fún igbe tó ké mọ́ ọn lójú òpópónà. Ó lọ bá àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe lọ bá wọn nígbà àkọ́kọ́, ó ní irọ́ ni òun kọ́ wọn, kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ó gbé pátákó tuntun kọ́ sára ògiri. Pátákó Ọlátúnjí ńkọ́? Pákó gidi ni, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, kò lè jó o níná. Igi tí wọ́n fi ń gba orí gọ́tà kọjá sì ti jẹrà. Ó gbé pátákó náà dábùú gọ́tà, ó kàn án mọ́lẹ̀, ó dojú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Gbogbo ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù, orí orúkọ yẹn ló ń gbà.

Ọjọ́ tí Ọlátúnjí padà wá, kò gbé mọ́ọ̀tì dání. Ó dúró lórí pátákó tó dábùú gọ́tà, kò wolẹ̀. "Maimunat, jọ̀ọ́. Wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Iye tó o bá ní kí n san, màá san án."

"Kì í ṣe owó. Ẹ lọ sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù yìí kì í ṣe tiyín."

"O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́?"

"Orúkọ ta ló ti ń bà jẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

Ó ṣì fẹ́ fèsì nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Rebecca ló sọ̀ kalẹ̀, tòun ti fáìlì. Ó wá wo ibi tí iṣẹ́ dé ní ṣọ́ọ̀bù Ọlátúnjí. Ó wo ògiri, ó ka orúkọ tó wà níbẹ̀, ó tún un kà.

Maimunat kò dúró kí wọ́n bi òun. Ó bọ́ síwájú. "Mà, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan ní ọ́fíìsì, mi ò dáhùn. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Èmi náà ni mo ń bá Dádì parọ́ fún ọ́fíìsì yín láti ọdún wọ̀nyí wá. Gbogbo dẹ́sìkì tẹ́ ẹ ti gbà, èmi ni mo kàn án. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú mi, ẹ mú mi. Mi ò parọ́ mọ́."

"Ìyá," Rebecca kọjú sí Àlàájà, "ẹ̀yin lẹ fún mi lómi mu lọ́jọ́ sí. Ta lẹ ní ó ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Àlàájà Àsíátù dìde lórí àpótí rẹ̀, ó tún gèlè wé. "Irọ́ ni mo pa fún ẹ, ọmọ mi. Mo tún fi Ọlọ́run búra sí i, kí Ọlọ́run foríjì mí. Maimunat ló ni ín, àti pákó, àti ìṣó, àti ìyẹ̀fun pákó tó ń kó sí mi lójú."

Rebecca ṣí fáìlì rẹ̀, ó mú bírò. Ó kọjú sí Ọlátúnjí.

"Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀bù tiyín dà?"

Ọlátúnjí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ibi tó fẹ́ nawọ́ sí. Rebecca ń dúró de èsì, ó wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó rí orúkọ tó dúró lé lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó fojú rí.